Ẹ Wá Kí Ìgbà Òtútù Tó Dé

Ẹ̀kọ́ kíkà: Tímótì Kejì 4:9-21, Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 1:1, Máàkù 7:9-13



Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú òtútù àárọ̀ yìí. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé yín, ní Manchester, ní Birmingham, ní Leeds. Mo kí ẹ̀yin ará wa ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i kúrò níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ òní kan ìyá yín, ó kan bàbá yín. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ti lé ní ẹni ọdún 65, ẹ̀yin gan-an ló kàn jù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wá síbí láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìrètí ìwàásù ìṣẹ́gun. Ìwàásù ìṣẹ́gun náà nìyí. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń jẹ́rìí pé òun ṣẹ́gun. Àbí mo parọ́? (Ìjọ: Rárá!)

PỌ́Ọ̀LÙ BÉÈRÈ AṢỌ

Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí Tímótì, ọmọ rẹ̀ nínú Olúwa. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà ní Róòmù. Ó ti dàgbà, ó sì mọ̀ pé ìlọ òun ti sún mọ́lé. Ẹ ó rò pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀run nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 13. Bàbá ń wá aṣọ ìlékè tó gbàgbé sí Tíróà lọ́dọ̀ Kápù! Ẹ sì wo ẹsẹ 21. Ó bẹ Tímótì pé kó tètè wá kí òtútù ọdún náà tó wọlé.

Ẹ rò ó wò. Àpọ́sítélì tí Ọlọ́run lò láti jí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jábọ́ láti ojú fèrèsé ni o. Ẹni tí wọ́n ń mú aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn tí ara wọn ń yá. Òun náà ló wá ń béèrè aṣọ òtútù. Kò sọ pé, "Iná Ẹ̀mí Mímọ́ á máa mú mi móoru." (Ẹ̀rín) Kí ẹ sì wo ẹsẹ 11, Lúùkù nìkan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Dókítà ni Lúùkù. Àdúrà wà, dókítà wà ní tòsí, síbẹ̀ bàbá ní kí wọ́n mú aṣọ òun wá.

Ẹ kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ sọ fún un pé: "Aṣọ òtútù kì í ṣe àìnígbàgbọ́!" (Ìjọ: Aṣọ òtútù kì í ṣe àìnígbàgbọ́!) Ẹ wá ẹlòmíràn, ẹ sọ fún un pé: "Hítà kì í ṣe àìnígbàgbọ́!" (Ẹ̀rín)

DÁFÍDÌ KÒ MÓORU MỌ́

Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kìíní, ẹsẹ kìíní. Dáfídì dàgbà, wọ́n da aṣọ bò ó, ara rẹ̀ kò sì móoru. Ohun tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ kà á nílé. (Ẹ̀rín) Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé Dáfídì nìyẹn o, ẹni tó pa Gòláyátì, ẹni tó sùn nínú ihò àpáta àti nínú aginjù nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lé e kiri. Nígbà èwe rẹ̀, òtútù kò rí i gbé ṣe. Nígbà tó dàgbà, aṣọ kún orí rẹ̀, kò móoru.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn. Bí a bá ń dàgbà, ẹran ara tó ń mú ooru jáde ń dín kù. Awọ ń fẹ́lẹ́. Èyí tó léwu jù níbẹ̀ ni pé ara àgbà kì í tètè mọ̀ pé òtútù ti ń mú òun. Ọmọ ogún ọdún á ti máa gbọ̀n, á ti máa wá súwẹ́tà kiri. Ìyá àgbà á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á ní, "Kò mú mi." Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ara wọn ni kò tètè sọ fún wọn.

Ẹ̀yin ará wa nílé, ẹ má fi wé ọyẹ́ o. Ọyẹ́ ń la ètè, ó ń la ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ lọ́sàn-án, ara á tún yá. Òtútù ibí yìí, oòrùn á yọ, kò ní gbóná. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ni ó fi ń bá wa gbé.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Àgbà tí òtútù ń pa ní ìlú yìí, kì í sábà jẹ́ inú yìnyín ló kú sí. Inú yàrá rẹ̀ ni. Bí ara bá tutù, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á ki, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń gun òkè. Ibẹ̀ ni àrùn ọkàn ti ń wá, ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá. Afẹ́fẹ́ tútù a sì máa da àyà láàmú, òtútù àyà á wọlé. Nígbà tí wọ́n bá wá kọ ìwé ikú, wọ́n á kọ ọkàn, wọ́n á kọ rọpárọsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé hítà ló wà ní pípa.

OHUN TÍ MO BÁ NÍ ILÉ ÌYÁ MI

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sí ara mi láàárọ̀ yìí. Mo ti bi Màmá léèrè bóyá mo lè sọ ọ́, wọ́n ní kí n sọ ọ́. Wọ́n jókòó síwájú níbí yìí, ẹ kí wọn. (Àtẹ́wọ́)

Ìyá mi ń dá gbé fúláàtì wọn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún ni. Gbogbo alẹ́ ni mo ń pè wọ́n lórí fóònù. "Màmá, ṣé ẹ wà dáadáa?" "A dúpẹ́, pásítọ̀ mi. Ọlọ́run ń ṣe é." Ìṣẹ́jú méjì, a ti parí. Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ dáadáa ni mí lójú ara mi.

Ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti ibi ìkómọ. Ìyàwó mi ní kí a yà kí Màmá. Mo ní, "Ṣebí mo bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná?" Ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." A yà. A kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ohùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ṣí i.

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, inú ilé yẹn tutù ju ìta lọ. Mo ń rí èémí ara mi bí èéfín. Ìyá mi wà lórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú ìró méjì. Wọn kò gbọ̀n. Mo pè wọ́n, wọ́n lajú díẹ̀, wọ́n sì fi ohùn bí ti ẹni tó mutí dá mi lóhùn. Wọ́n pè mí ní orúkọ àbúrò wọn. Àbúrò wọn yẹn ti kú láti ọdún 1989.

Èmi pásítọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀mí ikú. Mo ń pariwo. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ṣe ń pe 999." Mo fẹ́ sáré lọ bu omi gbígbóná sínú báàfù, ó ní rárá. Mo fẹ́ fi ìpara gbígbóná máa ra ẹsẹ̀ wọn, ó ní rárá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló dà bò wọ́n, ó fi bo orí wọn náà, ó sì dì mọ́ wọn títí ọkọ̀ áńbúláǹsì fi dé.

Ara èèyàn máa ń móoru tó ìwọ̀n 37. Bó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 35, ewu ti dé. Ti ìyá mi jẹ́ 33.

Ọlọ́run dá wọn sí. (Ìjọ: Ògo fún Ọlọ́run!) Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò ní ọsibítù. Nígbà tí mo padà sí fúláàtì láti kó aṣọ wọn, mo wo mítà. Mítà tí wọ́n fi ń ra gáàsì ṣáájú kí wọ́n tó lò ó ni. Owó ti tán lórí rẹ̀. Mo wá wo orí tábìlì. Mo rí àpòòwé kan níbẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, £120. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀? "Ẹ̀jẹ́ ìkọ́lé Ọlọ́run."

(Ìjọ dákẹ́.)

Èmi ni mo ké gbàjarè owó ìkọ́lé yẹn. Orí pẹpẹ yìí ni mo dúró sí. Ìyá mi kò fẹ́ kí ojú ti ọmọ wọn, wọ́n sì pa hítà kí ẹ̀jẹ́ wọn lè pé.

KỌ́BÁNÌ

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Máàkù orí keje wá yé mi. Àwọn Farisí ní òfin kan. Bí èèyàn bá ti pe ohun ìní rẹ̀ ní Kọ́bánì, ìyẹn ni pé ó ti yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, kò gbọ́dọ̀ fi tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ́. Jésù bá wọn wí gidi. Ó ní wọ́n ti fi àṣà wọn pa òfin Ọlọ́run rẹ́.

Mo ti wàásù ibẹ̀ yẹn rí. N kò mọ̀ pé èmi ni.

Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, bí ẹ kò bá tíì sanwó hítà yín, ẹ má gbé owó wá fún wa. Ọlọ́run kò fi òtútù yín kọ́lé. Ẹ sanwó iná, ẹ sanwó gáàsì, ẹ jẹun gbígbóná. Bó bá ṣẹ́kù, kí ẹ tó rò ó. Bí kò bá ṣẹ́kù, ẹ gbàdúrà fún wa, ó ti tó.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà nílé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Màmá ní Lọ́ńdọ̀nù fún owó ilé ẹ̀kọ́, fún páànù ilé, fún ìnáwó òkú. Mi ò ní kí ẹ má béèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè nínú oṣù Kìíní, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ tan hítà?" Páànù lè dúró de oṣù Karùn-ún. Àìmọye ìyá wa ló ń jókòó sínú òkùnkùn àti òtútù níbí nítorí ilé tí wọn kò tíì sùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin náà, ẹ dákun. Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mì níkùn àgbà. Ṣùgbọ́n òtútù kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE NÍNÚ ILÉ

Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkíní, yàrá tí àgbà ń jókòó sí àti èyí tó ń sùn sí, kí ó móoru tó ìwọ̀n 18 ó kéré tán. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ìjọba ń gba ẹni tó ti lé ní 65 níyànjú nìyẹn. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra tẹmọ́mítà kékeré, ẹ fi kọ́ sára ògiri. Bí agbára kò bá ká gbogbo ilé, ẹ mú yàrá kan móoru, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ máa gbé ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ ti fèrèsé yàrá lálẹ́.

Ìkejì, aṣọ. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì kí Olúwa tó pè mí, ẹ jẹ́ kí n fi jẹun díẹ̀. (Ẹ̀rín) Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ méjì ló ń pa ooru mọ́. Nítorí náà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju aṣọ nípọn kan ṣoṣo lọ. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ dé fìlà, ẹ wé gèlè, nínú ilé pàápàá. Ẹ má jókòó sójú kan fún wákàtí púpọ̀. Ẹ dìde, ẹ rìn lọ sí ìdáná, ẹ padà. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbé yín, ẹ máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lórí àga.

Ìkẹta, iná. Ẹ má tan gáàsì ìdáná sílẹ̀ kí ẹ fi máa yáná. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọnú fúláàtì láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ yín, òòyì á kọ́ yín, èébì á máa gbé yín. Ẹ ó rò pé ibà ni. Ẹni tó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí. Ẹ ra aago rẹ̀ tó ń ké, ẹ gbé e sínú ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Gas Safe Register yẹ ẹ̀rọ gáàsì yín wò lọ́dọọdún. Bí ẹ bá wà nílé onílé, onílé ló ni ojúṣe yẹn.

Rọ́bà omi gbígbóná ńkọ́? Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má bu omi tó ń hó sínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ má sì gbé e sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná. Omi àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òrí àti ìpara pa ara, ó dára fún awọ, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti mu ìpara máa ń tètè gbaná. Ẹ jìnnà sí iná hítà àti ti gáàsì.

Ìkẹrin, oúnjẹ. Oúnjẹ ló ń di ooru nínú ara. Kí ohun gbígbóná kan wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ó kéré tán: ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀, tíì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. A máa ń gba ààwẹ̀ nínú oṣù Kìíní, oṣù tí òtútù le jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 65, ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbà á. Ẹ má tìtorí ààwẹ̀ dá oògùn dúró. Ẹ lè fi tẹlifíṣọ̀n gbààwẹ̀, ẹ lè fi òfófó gbààwẹ̀. (Ẹ̀rín) Ọlọ́run á gbà á.

Ìkarùn-ún, yìnyín. Yìnyín kan wà tí ojú kì í rí lórí ọ̀nà, ó ń dán bí omi lásán. Àgbà tó bá ṣubú lórí rẹ̀ lè kán ní egungun ìbàdí, ó sì lè má rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Ẹ ní kí ọmọ yín wọ́n iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Nínú ilé, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò lójú ọ̀nà, kí ìró má máa wọ́ nílẹ̀, kí iná sì wà ní títàn lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Bí yìnyín bá bo ọ̀nà, ẹ má wá sí ìsìn. Mo ní ẹ má wá. Ẹ wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìkẹfà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà òtútù tí wọ́n ń pè ní flu. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ti pé 65. Ẹ lọ gbà á kí òtútù tó le.

OWÓ TÓ TỌ́ SÍ YÍN

Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló fi ọgbọ̀n ọdún gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru ní ìlú yìí, tí wọ́n ń san owó orí. Bí a bá wá ní kí wọ́n béèrè ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe alágbe. Màmá, agbe kọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Owó ìgbà òtútù wà, Winter Fuel Payment. Ọdún 1997 ni ìjọba ti dá a sílẹ̀. Ní 2024 wọ́n dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní England àti Wales, ní 2025 wọ́n sì tún dá a padà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju £35,000 lọ lọ́dún. Èyí tí wọ́n ṣètò fún ìgbà òtútù 2025 sí 2026 jẹ́ £200 fún ilé kan, tàbí £300 bí àgbà ibẹ̀ bá ti pé 80. Pension Credit wà fún àgbà tí owó rẹ̀ kéré, òun ló sì máa ń ṣílẹ̀kùn àwọn ìrànlọ́wọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ tó tọ́ sí ni kò béèrè rẹ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sí Priority Services Register. Ọ̀fẹ́ ni. Bí iná bá fẹ́ lọ, wọ́n á tètè sọ fún yín, wọ́n á sì mọ̀ pé àgbà ló wà nínú ilé yẹn.

Bí fọ́ọ̀mù kò bá yé yín, Age UK àti Citizens Advice wà, wọn kì í gbowó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín kò fàyè gba owó ìjọba, ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tó mọ òfin kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ̀yin sì ni mo fẹ́ kí àwa ìjọ tọ́jú jù, nítorí ẹ kò ní ibòmíràn.

BÍ ÒTÚTÙ BÁ TI MÚ ÀGBÀ

Ẹ mọ àmì rẹ̀. Ara á funfun, á tutù. Ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu. Kò ní mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Oorun á máa kùn ún. Bó bá ti gbọ̀n tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ gbígbọ̀n dúró, tí ara kò sì móoru, ẹ má yọ̀. Ó ti le nìyẹn.

Ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó tutù kúrò lára rẹ̀, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ wé e, pẹ̀lú orí. Bó bá wà lójúfò dáadáa, ẹ fún un ní ohun gbígbóná tó dùn mu. Ẹ má fún un ní ọtí. Ẹ má gbé e sínú omi gbígbóná. Ẹ má ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì máa gbàdúrà bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ kan lórí fóònù, ọ̀kan lókè ọ̀run. (Ìjọ: Àmín!)

Ẹ̀YIN ỌMỌ, Ẹ LỌ

Ẹ padà sí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Kì í ṣe aṣọ nìkan ló béèrè. Bó bá jẹ́ aṣọ nìkan ni, Tímótì ì bá fi rán ẹnì kan. Pọ́ọ̀lù fẹ́ kí Tímótì fúnra rẹ̀ wá. Démà ti lọ. Àwọn yòókù ti gba ibi iṣẹ́ wọn lọ. Bàbá ń wá ojú ọmọ rẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ẹ má fi fóònù fún wọn lọ́mú. (Ẹ̀rín) Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ wà dáadáa?" Ìdáhùn Yorùbá sí ìyẹn kì í yí padà: "A dúpẹ́." Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pè, ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, kí ni tẹmọ́mítà ń sọ? Kí ni ẹ jẹ láàárọ̀? Èló ló kù lórí mítà?" Ṣùgbọ́n ẹ lọ. Ẹ fọwọ́ kan ọwọ́ wọn. Ẹ ṣí fíríìjì. Ẹ ka mítà. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan láìwọ kóòtù. Bí òtútù bá mú yín, òun ló ń mú wọn lójoojúmọ́.

Àwa ìjọ náà ti pinnu. Àwọn àgbà tó ń dá gbé, a ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹnì kan nínú ìjọ ilé tó sún mọ́ wọn á máa yà lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí oṣù Kẹta fi máa parí. Owó ìkọ́lé oṣù yìí, a ti yí i padà. Inú rẹ̀ la ó ti máa fi owó sí mítà àwọn tí kò ní. Ní alẹ́ 31 oṣù Kejìlá, àgbà kankan kò gbọ́dọ̀ dúró de bọ́ọ̀sì lágogo méjì òru. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ wá forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Àwọn ará Mẹ́lítà kò tíì gbọ́ ìyìn rere rí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Pọ́ọ̀lù fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé òjò ń rọ̀ tí òtútù sì ń mú àwọn àlejò, wọ́n dáná fún wọn. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28, ẹsẹ 2. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè dáná fún àlejò, kí ni ó yẹ kí àwa ṣe fún ìyá tó bí wa?

ÀDÚRÀ

Ẹ dìde dúró. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín.

Baba, a dúpẹ́ fún àwọn àgbà wa. A bẹ̀ ọ́, dáríjì wá níbi tí a ti fi fóònù rọ́pò ojú wa, níbi tí a ti gba owó tó yẹ kó mú wọn móoru. Kí ó má ṣe sí ilé tí a ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kìíní tí a ó bá òkú nínú rẹ̀. (Ìjọ: Àmín!) Àwọn ìyá wa á rí oṣù Kẹrin. (Ìjọ: Àmín!) Àwọn bàbá wa á rí òdòdó ọdún tuntun. (Ìjọ: Àmín!) Fún àwa ọmọ ní ẹsẹ̀ tó ń yà kí wọn. Ní orúkọ Jésù. (Ìjọ: Àmín!)

Ohun kan ló kù. Bí ìsìn bá parí, mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ sáré lọ jẹun ọ̀sán. Bí ìyá yín bá wà ní ìlú yìí, ẹ gbé oúnjẹ náà dání, ẹ gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Ẹ má pè kí ẹ tó lọ. Ẹ kàn lọ.

Olúwa bùkún yín.